Tíńtì gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀: ìdí tó fi ń lé ròrò, àti bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́ tó fi ń dán

Ẹni tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Ìkàrẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú péré, tó ń wo ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ sí Àkùngbá àti Ìwàrò-Ọ̀kà, á rí oríṣiríṣi tíńtì. Òmíràn ti di àwọ̀ àlùkò, òmíràn ti lé ròrò bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí, òmíràn sì ti ṣí ní etí, ó ń fì nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá wo gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan náà, ó ṣeé ṣe kó rí i pé tíńtì ibẹ̀ ṣì dán. Oníṣẹ́ kan náà ló lẹ̀ ẹ́, lọ́jọ́ kan náà, láti ara fíìmù kan náà. Kí ló wá ṣe ti ẹ̀yìn?

Bí gíláàsì náà ṣe rí ló fà á. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú tán. Bó bá tiẹ̀ tẹ̀, apá kan ṣoṣo ló tẹ̀ sí, bí ẹní tí wọ́n ká díẹ̀. Náílọ́ọ̀nù á bá a lọ láìjanpata. Ti ẹ̀yìn kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ láti òkè sí ìsàlẹ̀, ó tún tẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, bí ẹ̀yìn igbá. Kí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn fi ìwé ìròyìn wé igbá kó wò ó: àárín á lẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n etí á máa ṣẹ́po, á máa hunjọ. Níbi tó bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á yọ níbòmíràn. Bí tíńtì ṣe ń ṣe lára gíláàsì ẹ̀yìn nìyẹn.

Àwọn oníṣẹ́ tí kò kọ́ṣẹ́ yọrí mọ ọgbọ́n kan sí i. Wọ́n á fi bíléèdì la fíìmù sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á wá lẹ̀ ẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ìṣẹ́po má baà pọ̀. Lọ́jọ́ náà, ó lè dà bíi pé ó dára. Ṣùgbọ́n ojú ibi tí ẹyọ méjì ti pàdé yẹn ni eruku ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣí. Oníbàárà tó bá rí ilà tó gba àárín gíláàsì rẹ̀ kọjá lẹ́yìn iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí ni.

Iná ni ọ̀nà tó yẹ. Gbogbo ẹni tó ti fi náílọ́ọ̀nù píọ́ wọ́tà sún mọ́ iná rí mọ̀ pé á súnkì kó tó jó. Fíìmù tíńtì náà ike ni, pólísítà ni wọ́n ń pe irú ike ọ̀hún. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é ní ilé iṣẹ́, wọ́n nà án gan-an bó ṣe ń ká mọ́ ara rọ́ọ̀lù. Bí ooru bá kàn án, á fẹ́ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni pé á súnkì, pàápàá ní ọ̀nà ibi tí rọ́ọ̀lù náà gùn sí. Nítorí náà, oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á tẹ́ gígùn rọ́ọ̀lù láti ọ̀tún gíláàsì lọ sí òsì. Á wá darí gbogbo ìṣẹ́po sí òkè àti sí ìsàlẹ̀, kí wọ́n dúró ṣánṣán bí ìka ọwọ́. Tí ooru bá dé bá wọn, fíìmù á súnkì láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ìka wọ̀nyẹn á sì wọlẹ̀ lọ. Bó bá tẹ́ ẹ lódì, tó jẹ́ pé òkè sí ìsàlẹ̀ ni gígùn rọ́ọ̀lù wà, tí ìṣẹ́po sì tún wà lókè àti nísàlẹ̀, ó lè fẹ́ iná sí i títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọn ò ní lọ.

Ohun tó máa ń ya ẹni tí kò rí i rí lẹ́nu ni pé ìta gíláàsì ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọkọ̀ ni tíńtì máa wà níkẹyìn. Wọ́n á kọ́kọ́ fọ ìta gíláàsì kó mọ́ tónítóní. Wọ́n á gé fíìmù kó fi bí ìka méjì ju gíláàsì lọ yíká. Wọ́n á wá tẹ́ ẹ sórí rẹ̀ níta, kí ike fẹ́lẹ́ tó bo ojú gọ́ọ̀mù rẹ̀ kọjú sí oníṣẹ́, kì í ṣe sí gíláàsì. Ìdí rẹ̀ ni pé gọ́ọ̀mù ló máa kan gíláàsì nígbà tí wọ́n bá gbé e wọ inú ọkọ̀. Tí wọ́n bá gé e ní ìdàkejì, ọ̀tún á di òsì, owó fíìmù á sì ṣòfò.

Àwọn kan á fi omi ọṣẹ sí abẹ́ fíìmù kó máa yọ̀. Àwọn mìíràn á fi pàúdà ọmọdé fọ́n ojú gíláàsì fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi aṣọ nù ún kó ká, fíìmù á sì máa rìn lórí rẹ̀ ní gbígbẹ. Ọ̀nà kejì yìí yá jù, ó sì rọrùn láti rí ìṣẹ́po níbẹ̀, nítorí omi kì í bò ó. Wọ́n á wá fi aṣọ tó tutù díẹ̀ fa ilà kan gba àárín gíláàsì kọjá láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, àti ilà kọ̀ọ̀kan sí etí ọ̀tún àti etí òsì, tó fi dà bíi lẹ́tà H. Ibi tí omi bá kàn, fíìmù á dì mú níbẹ̀. Gbogbo ìyókù tó wú sókè, apá òkè àti ìsàlẹ̀ H yẹn ni wọ́n á darí rẹ̀ sí.

Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná ló kàn. Ibí ni sùúrù ti ń ṣiṣẹ́. Oníṣẹ́ kì í gbé e dúró lójú kan. Á máa gbé e lọ gbé e bọ̀ lórí ìka kan, láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lápá àárín lọ sí etí, títí tó fi máa rí i pé ojú fíìmù ń hunjọ wẹ́wẹ́, ìka náà sì ń rọlẹ̀. Ìgbà yẹn ni á fi pátákó ike tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á sì bọ́ sí ìkejì. Bó bá kánjú tẹ̀ ẹ́ kó tó rọ̀, á ṣẹ́, ìlà ṣíṣẹ́ yẹn kò sì ní lọ mọ́ láéláé. Bó bá pẹ́ jù lójú kan, fíìmù á jó, á funfun tàbí kó lu. Ewu kan tún wà tó ju ti fíìmù lọ. Gíláàsì ẹ̀yìn jẹ́ èyí tí wọ́n fi iná mú le ní ilé iṣẹ́, tó fi jẹ́ pé tó bá fọ́, kì í là, ńṣe ló ń fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ooru tó pọ̀ jù lójú kan, pàápàá tí gíláàsì bá ti ní ẹ̀há tẹ́lẹ̀ ní etí tàbí tí ẹnìkan bá da omi tútù lé e nígbà tó ṣì gbóná, lè fọ́ ọ. Kí oníbàárà àti oníṣẹ́ ti sọ ẹni tó máa san owó gíláàsì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni ó dára jù. Lẹ́yìn ìjàǹbá, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń di ariwo.

Tí gbogbo rẹ̀ bá ti jókòó, wọ́n á fi bíléèdì gé etí rẹ̀ níta, kó bá dúdú tó yí gíláàsì ká mu. Iṣẹ́ tó le jù ti parí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fíìmù kò tíì wọ inú ọkọ̀.

Nínú ọkọ̀, àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó gba ìbú gíláàsì ẹ̀yìn kọjá. Àwọn ni wọ́n ń mú gíláàsì gbóná kí ìrì àti kùrukùru lè kúrò lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ń wakọ̀ lórí òkè Ọ̀kà láàárọ̀ kùtù nígbà òjò mọ ìwúlò wọn. Inú ni wọ́n tẹ̀ wọ́n sí, lójú gíláàsì gan-an, wọn kò sì nípọn ju kíkùn lọ. Bíléèdì kan tó bá gba orí wọn kọjá ti gé wọn nìyẹn, ilà tí wọ́n bá sì gé kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Nítorí náà, tí oníṣẹ́ bá ń fi bíléèdì ha inú gíláàsì ẹ̀yìn láti yọ tíńtì àtijọ́, kí olówó ọkọ̀ dá a dúró. Ohun tó yẹ ni pé kí wọ́n fi ooru rọ gọ́ọ̀mù náà. Wọ́n lè fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí i, tàbí kí wọ́n fọ́n omi ọṣẹ sí i, kí wọ́n bo gíláàsì pẹ̀lú náílọ́ọ̀nù dúdú, kí wọ́n sì gbé ọkọ̀ sí oòrùn fún wákàtí mélòó kan. Gọ́ọ̀mù á rọ̀, wọ́n á sì máa bó fíìmù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti etí kan, ní ọ̀nà ibi tí àwọn ilà náà gbà. Gọ́ọ̀mù tó bá kù, aṣọ àti omi ọṣẹ ni wọ́n á fi nù ún.

Nínú àwọn ọkọ̀ kan, inú gíláàsì ẹ̀yìn yìí náà ni wáyà tó ń gba ìgbì rédíò wà. Fíìmù tó ní irin nínú lè dí i lọ́wọ́. Ẹni tí rédíò ọkọ̀ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ṣììì lẹ́yìn tíńtì, kó má kọ́kọ́ bínú sí ilé iṣẹ́ rédíò. Àwọn fíìmù tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù tàbí sẹ̀ràmíìkì ṣe kì í ní ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́n ju ti aláró lásán lọ. Aláró lásán ló máa ń di àwọ̀ àlùkò, nítorí oòrùn máa ń pa díẹ̀ lára àwọn aró inú rẹ̀ ṣáájú àwọn yòókù.

Ọ̀tá tó tún kù ni eruku. Láti oṣù Kọkànlá tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù Kejì, lílẹ tíńtì ní ẹ̀gbẹ́ títì ní agbègbè Àkókó jẹ́ ìfiṣòfò. Hóró iyanrìn kan ṣoṣo tó bá wọ abẹ́ fíìmù á gbé e sókè, á sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ayé. Kí wọ́n gbé ọkọ̀ wọ abẹ́ òrùlé tó ní ògiri, kí wọ́n da omi sílẹ̀ kí eruku má dìde, kí wọ́n pa fáànù. Aṣọ onírun kò dára fún oníṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Omi tí wọ́n á lò nílò àmójútó pẹ̀lú. Omi kànga ní ìdọ̀tí tó ń rọ̀ sílẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ tó gbọ́n máa ń da píọ́ wọ́tà sínú ike ìfọ́nmi wọn, wọ́n á kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i. Ọṣẹ yìí ló ń jẹ́ kí fíìmù lè máa yọ̀ títí tó fi máa bọ́ sí ipò rẹ̀.

Wọ́n á yọ ohun tó bá wà lẹ́yìn ìjókòó tó lè dí wọn lọ́wọ́, títí kan iná bíréèkì òkè bó bá ṣeé yọ. Wọ́n á bo sípíkà àti ìjókòó kí omi má wọ̀ wọ́n. Wọ́n á fọ inú gíláàsì lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, èèyàn méjì á dúró níta, wọ́n á máa bó ike fẹ́lẹ́ kúrò lójú gọ́ọ̀mù, wọ́n á sì máa fọ́n omi sí i bí wọ́n ṣe ń bó o. Wọ́n á ká fíìmù, kì í ṣe pé kí wọ́n ṣẹ́ ẹ po, wọ́n á sì gbé e wọlé láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ní òun nìkan á ṣe èyí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ á sọ bó ṣe lọ.

Nígbà tí fíìmù bá ti wà lójú gíláàsì, ọwọ́ á máa sún un títí á fi gún régé. Wọ́n á fọ́n omi sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ike ìfami má baà ha á, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti omi jáde láti àárín lọ sí etí. Ọ̀nà H àkọ́kọ́ yẹn náà ni wọ́n á tún tẹ̀ lé. Bí ìṣẹ́po kékeré bá yọ ní etí, wọ́n lè fẹ́ ooru díẹ̀ sí i láti inú, pẹ̀lú ìṣọ́ra.

Ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ oníbàárà lọ́jọ́ kejì ni pé: "Ọ̀gá, ẹ wò ó, ó ti lé ròrò." Ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè má jẹ́. Omi tó kù lábẹ́ fíìmù máa ń ṣe bíi kùrukùru tàbí bí ẹyin kékeré tó rọ̀. Ìyẹn á gbẹ fúnra rẹ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nígbà òjò. Kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ́rẹ́ gún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá le lójú kan, tí ọwọ́ bá kan nǹkan bíi hóró iyanrìn níbẹ̀, ìdọ̀tí ni, kò ní lọ. Bó bá sì jẹ́ ìka tó dúró ṣánṣán ní etí, tó ṣófo nínú, fíìmù náà kò súnkì tó ni. Oníṣẹ́ ló máa padà wá ṣe é. Ní ti àwọn tóótòòtó funfun tó máa ń hàn níbi tí dúdú etí gíláàsì wà, ẹ̀bi oníṣẹ́ kọ́. Kíkùn tóótòòtó ibẹ̀ ga díẹ̀ ju gíláàsì lọ, fíìmù kò sì lè rì sáàárín wọn.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, kí wọ́n má tan iná tó ń mú gíláàsì gbóná, kí wọ́n má sì fọ inú gíláàsì náà. Lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ múlọ́múlọ́ àti omi ọṣẹ ti tó. Ọṣẹ ìnugíláàsì tó ní amóníà máa ń ba irú fíìmù kan jẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ kó dúdú tó, èyí tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè títí wọ́n á fi sanwó tán. Nọ́ńbà ara fíìmù, 5, 20, 35 tàbí 50, ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà á kọjá nínú ọgọ́rùn-ún. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ló ṣe dúdú tó. Ṣùgbọ́n gíláàsì fúnra rẹ̀ ti ń mú díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀. Gíláàsì tó ń gba 80 wọlé, tí wọ́n bá lẹ 35 mọ́ ọn, 28 ni ó kù. Ọ̀pọ̀ Sienna àti jíìpù sì wà tó jẹ́ pé láti ilé iṣẹ́ ni gíláàsì ẹ̀yìn wọn ti dúdú. Bí irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ bá ń gba 20 wọlé, tí ẹnìkan tún lẹ 20 mọ́ ọn, 4 péré ló ṣẹ́kù. Lóru, ògiri ni awakọ̀ náà ń wò.

Àwọn kan á ní ooru ni wọ́n ń sá fún. Dúdú nìkan kọ́ ló ń lé ooru. Bí ìdajì ooru oòrùn ló wà nínú ìtànṣán tí ojú ò lè rí. Fíìmù sẹ̀ràmíìkì tó dára, tó mọ́lẹ̀ dáadáa, lè dí i ju aláró tó dúdú kirikiri lọ. Èyí tó ń ba awọ ara àti ìjókòó jẹ́ nínú oòrùn náà, fíìmù tó mọ́lẹ̀ tó sì dára lè dí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rírí ẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní agbègbè yìí, níbi tí òkè àti ìsọ̀kalẹ̀ pọ̀, tí iná títì kò sì sí ní ibi púpọ̀. Ní oṣù Kínní ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó sìmẹ́ńtì ya wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù níwájú Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá, ó sì pa èèyàn, akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn. Ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lóru nílò láti rí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kó sì mọ bó ṣe ń sáré tó, kó lè tètè yà. Ẹni tó ń fi ẹ̀yìn rìn jáde ní àgbàlá nílò láti rí ọmọdé tó ń sáré kọjá. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kò lè fi gbogbo ìyẹn hàn án.

Òfin náà wà ńbẹ̀. Láti ọdún 1991 ni òfin Nàìjíríà ti ka tíńtì tó bá ń bo ẹni tàbí ohun tó wà nínú ọkọ̀ mọ́ra léèwọ̀, àyàfi tí ẹni náà bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, fún ìdí ìlera tàbí ààbò. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, nígbà tí Kayode Egbetokun jẹ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kéde pé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní possap.gov.ng, ni àwọn èèyàn á ti máa béèrè fún ìwé àṣẹ náà. Ọjọ́ tí wọ́n dá pé àwọn á bẹ̀rẹ̀ sí í mú èèyàn sún síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún náà, ọ̀rọ̀ sì dé ilé ẹjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lẹ tíńtì kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, kó béèrè ní àgọ́ ọlọ́pàá tàbí kó wo ojúlé náà fúnra rẹ̀, kó má gbọ́ tẹni tó ń ta fíìmù nìkan. Ọkọ̀ tó ti dúdú láti ilé iṣẹ́ náà wà lára ọ̀rọ̀ yìí, kí olówó rẹ̀ má rò pé òun kò kàn án. Tí ìwé bá jáde, kó fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú ọkọ̀, nítorí ẹni tó yá ọkọ̀ náà wà lọ sí Ọ̀wọ̀ kò ní lè ṣàlàyé ohun tó wà lórí fóònù ẹlòmíràn fún ọlọ́pàá.